Òróró Ò Tíì Dúró

Mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló kọ̀. Òun ló ń bójú tó gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ara ògiri tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ń mú ọ̀kan níbẹ̀ kí obìnrin náà má kọ́kọ́ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ti lò?" ó bi mí.

"Mẹ́ta, mà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ èyí tí mo fẹ́."

"Mélòó la ní kó o lò?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ bá Baba Díẹ̀díẹ̀ nídìí tánkà. Lọ́jọ́ Fúráídè, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó o wá mú ọ̀kan. Kó tó dìgbà yẹn, lọ ronú." Ó ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì tì í.

Kí wọ́n ní kí irú èmi lọ ronú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bí ìgbà téèyàn gbé eegun síwájú ajá tó ní kó máa wò ó ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù tiwa kì í ṣe ẹyọ kan. Orí wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀. Orí ni ẹ́ńjìnì wà, ibẹ̀ ni sítíárìn wà, ibẹ̀ náà ni ibùsùn tóóró tí awakọ̀ ń sùn sí wà. Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù. Orí kan náà lè fa ẹ̀yìn yòówù, ṣùgbọ́n awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹ̀yìn tó mọ̀ ọ́n fà. Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni pé kí awakọ̀ tuntun bá àwọn àgbà rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan fún irú ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á mú ọ̀kan, á fọwọ́ sí i, ó di ọdún méjì gbáko kó tó lè ní òun fẹ́ yí padà. Ẹni tó bá ní ó ti sú òun kó tó dìgbà yẹn, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kó máa lọ sílé.

Ọdún méjì yẹn ló ń já mi láyà. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tó ọdún méjì rí láyé mi.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ti fi sílẹ̀. Mo gẹ irun fóṣù mẹ́jọ. Mo ya fọ́tò fún ọdún kan àti díẹ̀. Mo lẹ táìlì, mo tún fóònù ṣe. Ìyàwó mi kò da irinṣẹ́ kankan nù nínú wọn. Ó kó gbogbo wọn sínú àpótí onígi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: kílípà, kámẹ́rà, irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń tẹ́ sìmẹ́ǹtì, àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn la máa ń gbà lọ sí ilé ìdáná, orúnkún mi kì í sì í ṣàì gbá a. Mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀, ilé ìtajà oògùn kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó di ọdún mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ ló sọ mí ní Ara-ò-balẹ̀, kò sì pè mí lórúkọ míì mọ́. "Ara-ò-balẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ìwọ ti lé mẹ́rin, kí la fẹ́ máa pe tìẹ?" Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ìjà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mú ẹ̀yìn tí mo máa lè bá gbé. Bí owó orí rẹ̀ bá pọ̀, bí kò bá pọ̀, ìyẹn ò kàn mí. Èyí tí mi ò ní sá fún ni mo ń wá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní onílé ni mo bá rìn. Ó dà bíi yàrá gígùn onílẹ̀kùn méjì. Ẹrù inú rẹ̀ lè jẹ́ ọṣẹ, ó lè jẹ́ bébà ìnùdí, ìwọ awakọ̀ ò ní fojú kàn án. Wọ́n á tì í, wọ́n á fi èdìdì sí i, ó di ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ náà rọrùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ pa mí. Tá a bá dé ilé ìkẹ́rùsí, a ó tò, a ó máa retí kí wọ́n pè wá. Lọ́jọ́ kan, wákàtí mẹ́fà la fi retí. Awakọ̀ tí mo bá lọ sùn, ó jí, ó jẹun, ó tún sùn. Èmi nu dígí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lára táyà méjèèjìlá ẹ̀yìn. Mo rìn yí ọgbà ká títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi wá bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí. Ó ní kí n yáa lọ jókòó, torí ẹni tí nǹkan ò sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń rìn báyìí, tẹlòmíì ló fẹ́ kó sọnù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, onífíríìjì. Ẹja dídì la gbé. Ẹ̀rọ òtútù wà níwájú ẹ̀yìn náà, ó ń kùn lọ ní tiẹ̀, ojú gíláàsì kékeré kan sì ń sọ bí òtútù inú ṣe tó. Awakọ̀ tó ń kọ́ mi ní kí n gba ojú gíláàsì yẹn gbọ́, kí n má ṣílẹ̀kùn. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè sinmi, ìgbàkígbà tó bá ti dákẹ́ ni àyà mi máa ń já. Bí ọkùnrin náà bá ti lọ tọ̀, màá sáré ṣílẹ̀kùn, màá yọjú wo ẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tá a dé ibi tá à ń gbé ẹja náà lọ, wọ́n fa bébà rẹ̀ jáde, ìlà tó yẹ kó lọ tààrà ti gun òkè níbi mẹ́ta. Akọ̀wé ibẹ̀ fìka tẹ ẹja mọ́kànlá níkọ̀ọ̀kan kó tó gbà wọ́n. Ọ̀nà jìn, awakọ̀ náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kù díẹ̀ ká délé. Ó wá ní, "Ṣé ẹja yẹn pè ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ tó sọ ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo bá pẹrẹsẹ pàdé. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Irin, pákó, páìpù ni wọ́n ń tò lé e, ìwọ awakọ̀ lo máa fi ṣéènì àti bẹ́líìtì dè é, tó o máa fi tapólì bò ó, tó o máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tó o máa yí i ká, tó o máa tún un fún. Mo ní, iṣẹ́ rèé. Ọwọ́ mi kò dilẹ̀ rárá. Oòrùn á wọ̀, mi ò ní mọ̀. Mo délé pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó, mo nà án sí ìyàwó mi bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wálé.

"Èyí gan-an ni tèmi," mo sọ.

Ó ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. "Ohun tó o sọ nípa kámẹ́rà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ò ń gbé e sùn."

Inú bí mi. Mo ní kò nígbàgbọ́ nínú mi, mo ní òun àti ìyá rẹ̀ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó dáhùn.

Ìyàwó mi kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bàjẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pé kó jẹ́ kí n fọwọ́ sí pẹrẹsẹ, kí ọkàn mi tó yí padà. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ sáré fọwọ́ sí i kí n tó rí àyè kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fún un. Ó gbọ́dọ̀ dá a padà ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ti ọ̀la. Mo yọjú lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì, iṣẹ́ ìyá, gbogbo rẹ̀ ló fi báírò kọ, ó dúdú, ó hàn ketekete. Níwájú iṣẹ́ bàbá, ó kọ "awakọ̀". Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ìyẹn.

"Báírò yẹn ò kọ̀wé mọ́ ni?" mo bi í.

"Ó ń kọ, Dádì."

"Kí ló dé tó o wá fi pẹ́ńsùlù kọ tèmi?"

"Kí n lè rí i pa rẹ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, báírò ni mo fi kọ táìlì. Nígbà tó di fóònù, mo pa á títí ìwé fi lu, tíṣà wa sì bínú."

Kò sọ ọ́ láti bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀, ká mú agbòjò dání. Mo lọ sí ilé ìdáná lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ ò gbẹ mí, orúnkún mi sì gbá àpótí.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Baba Díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ara mi ń gbóná. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wa tánkà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti kán an lójú, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kó tó gun ọkọ̀, á yí i ká. Tó bá yí i ká tán, á mu tíì. Tó bá mu tíì tán, á tún yí i ká. Mo dúró tì í, mo ń mi ẹsẹ̀.

"Ìwọ lo ń mi ilẹ̀ yìí," ó ní, "àbí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́?"

Òróró ìdáná là ń gbé. Ó ṣàlàyé fún mi pé inú tánkà òróró kò ní ògiri kankan láàárín, torí tí ògiri bá wà, òróró àná á sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀, á kan, á ba tòní jẹ́. Nítorí náà, láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbalasa ni. Òróró lè sáré níbẹ̀ bó ṣe wù ú.

"Tó bá kún, kò ráyè sáré," ó ní. "Tó bá ṣófo, kò sí nǹkan tó fẹ́ sáré. Ìdajì ni wàhálà. Ibi méjì la sì máa ń já òróró sí, torí náà a ò lè ṣàì gbé ìdajì. Tó o bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró, òróró ò tíì dúró. Ó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Á wá gbá ògiri iwájú, á padà, á tún wá. Má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ka ení, èjì, títí dé ogún."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò gbà ni. Mo rò pé ara ìlọ́ra tiẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́rú, a já ìdajì òróró sí ilé iṣẹ́ kan, èmi ni mo wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. A dé ìkóríta kan tí iná ti pọ́n. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà dúró jẹ́jẹ́, táyà iwájú kò kọjá ìlà funfun pẹ́ẹ́. Orí mi wú. Mo tiẹ̀ yíjú sí Baba kó lè yìn mí. Bàbá arúgbó kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá níwájú wa, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ti ń wo iná pé ó máa yí padà. Ẹsẹ̀ mi ò lè dúró síbi tó wà. Mo gbé e kúrò lórí bíréèkì, kí n lè tètè lọ.

Òróró dé. Kò pariwo. Ohun tí mo gbọ́ ò ju gìì kan lẹ́yìn wa, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó sórí ibùsùn, ọkọ̀ ràgàjì náà sì rìn fúnra rẹ̀. Ó lọ síwájú, èmi ń wò ó. Kí n tó rántí ibi tí bíréèkì wà, Baba ti fa bíréèkì ọwọ́. Irin iwájú wa ti kan kẹ̀kẹ́. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ká bí ìwé, búrẹ́dì sì dà sílẹ̀.

Bàbá arúgbó yẹn kò ṣubú. Ó dúró, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. Ó wo táyà tó ká, ó wo iwájú ọkọ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Baba Díẹ̀díẹ̀ gba sítíárìn, ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ ọkùnrin náà, ó bá a ṣa búrẹ́dì, ó bá a gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lódìkejì, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pààrọ̀ táyà náà. Èmi jókòó sínú ọkọ̀. Òun ló wa ọkọ̀ lọ já ìdajì tó kù títí a fi padà délé iṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí léèrè ẹyọ kan.

"Ṣé wàá wá lọ́la?"

"Màá wá, sà," mo ní. Irọ́ ni mo pa.

Mo mọ ohun tó kàn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo gé oníbàárà kan létí ni mo fi iṣẹ́ irun sílẹ̀. Mo ba fọ́tò odindi ilé ẹ̀kọ́ kan jẹ́, lọ́jọ́ kejì mo ká kámẹ́rà nílẹ̀. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan lẹ táìlì sí là, mi ò padà lọ wò ó. Fóònù tí mo sun níná, ẹlòmíì ni mo fi rán sí ẹni tó ni ín. Gbogbo èèyàn ni mo sì ń sọ fún pé iṣẹ́ yẹn ló sú mi, pé ara mi ò gba kí n jókòó sójú kan. Wọ́n gbà mí gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Irọ́ gbuu ni. Ojú ló ń tì mí. Ìtìjú ló lé mi kúrò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo délé, mo jókòó sórí àpótí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́.

"Ṣé ó ṣe bàbá yẹn ní nǹkan?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Kí ni Baba Díẹ̀díẹ̀ wí?"

"Ó bi mí bóyá màá wá lọ́la."

Ó dúró kí n sọ èyí tó kù. Mo ń fi gìgísẹ̀ gbá ara àpótí, kò-kò-kò, bí ọmọdé.

"Dìde lórí ẹ̀," ó ní.

Mo dìde. Ó ṣí ìdérí àpótí náà, ó ti kámẹ́rà sápá kan, ó ti agolo síkúrù sápá kejì, ó fi àyè tó wà láàárín wọn hàn mí. "Káàdì awakọ̀ ò tóbi," ó ní. "Ó máa gba ibí." Ó sì wọ yàrá lọ bọ́ bàtà rẹ̀.

Kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Kò bínú rárá. Mo dúró ti àpótí tó yanu sílẹ̀ yẹn, ẹ̀rù sì bà mí ju bó ṣe bà mí ní ìkóríta lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo débi iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí géètì. Baba Díẹ̀díẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó ti gbé tánkà lọ sí gbàgede tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ó sì ti ní kí wọ́n bu omi sínú rẹ̀ dé ìdajì.

"Ta ló sọ fún yín pé màá wá, sà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Tó ò bá wá, màá da omi nù. Gun ọkọ̀."

Ó ní kí n wà á lọ síwájú bí ìwọ̀n ilé mẹ́wàá, kí n dúró, kí n fi ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, kí n sì máa kà sókè kí òun náà lè gbọ́. Mo ka dé mẹ́ta, omi dé, ó gbá wa, gbogbo ara mi sì ní kí n ṣe nǹkan kan, kí n sáré, kí n yí sítíárìn, kí n bọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀rin," Baba ní, "bá a lọ." Ó tún dé bí mo ṣe ka mẹ́jọ. Ó dé lẹ́ẹ̀kẹta ní mẹ́rìnlá, kò lágbára mọ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó sì ti mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Mo ka mẹ́rìndínlógún. Mo ka mẹ́tàdínlógún.

"Ogún," mo ní, mo sì gbẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ kò mira.

"Tún un ṣe," Baba ní.

A ṣe é títí oòrùn fi kan àtàrí. Mi ò mọ iye ìgbà. Láàárín kan, Baba ní wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ó sì ní kí n fi ti ara mi wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fi ìbínú pa á. Mo rẹ́rìn-ín débi pé iye tí mo ti kà dàrú mọ́ mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ibi tí mo máa ń dé tí mo fi ń gbẹ́sẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Láyé mi, mi ò ju mẹ́ta lọ rí. Nǹkan á gbá mi látẹ̀yìn, màá bẹ́ sílẹ̀, màá sì máa ròyìn pé bó ṣe máa ń gbáni títí ayé nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé mẹ́rìnlá wà, mi ò mọ̀ pé ogún wà. Omi yẹn ò bá mi jà. Ibi tó máa jókòó sí ló ń wá, bíi tèmi náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wọlé sọ́dọ̀ Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ó ti gbé ìwé sórí tábìlì, ó ti fi ìka síbi tí wọ́n kọ pẹrẹsẹ sí.

"Ibí, àbí?"

"Tánkà, mà."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Baba Díẹ̀díẹ̀ ti sọ ti kẹ̀kẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀ pé ó máa sọ, mà."

"Ó sọ pé kí n gbà ọ́, pé òun á bá ọ rìn fóṣù mẹ́ta sí i. Èmi ò tíì gbà. Pẹrẹsẹ lo ń sunkún fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí ló dé?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá kan sílẹ̀ láti ilé, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ lórí mi. "Pẹrẹsẹ ń fún ọwọ́ mi níṣẹ́, mà," mo ní. "Kì í ṣe ọwọ́ mi ló ń dà mí láàmú. Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Mo ní kí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sójú kan. Wọn ò dúró, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Ó ti báírò sí mi, mo fọwọ́ sí i, ó yíjú sí ògiri, ó sì já kọ́kọ́rọ́ kan.

Ìròyìn ti délé kí n tó dé. Ọmọ mi ti jókòó sídìí tábìlì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, báírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì ní ẹ ti fọwọ́ síwèé. Wọ́n ní ọdún méjì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kí n wá fi báírò tẹ̀ lé e?" Ó ti gbé ẹnu báírò lé orí ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsùlù kọ.

Mo fẹ́ kó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ láyé tó ìyẹn. Ó ti wà lẹ́nu mi pé kọ ọ́, kó tóbi, kó dúdú. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ kan náà láìdúró, ó ń wò mí.

"Fi í sílẹ̀ ná," mo ní. "Jẹ́ kí pẹ́ńsùlù ṣì wà níbẹ̀."

Ojú ọmọ náà rọ̀. "Ṣé ẹ tún fẹ́ fi sílẹ̀ ni?"

"Rárá. Ọkọ̀ ti dúró ni, òróró ò tíì dúró."

"Ìgbà wo ló máa dúró?"

"Tá a bá ka oṣù mẹ́rìnlélógún."

Ó ronú sí i. Ọmọ yẹn fi ìyá rẹ̀ jọ, kì í kánjú gba ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó dé báírò náà, ó dìde, ó sì kì í bọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ nígbà náà," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá kà á tán, kẹ́ ẹ fún mi padà."

Mo ti ka oṣù mẹ́tàdínlógún. Mo ti rí àwọn ọjọ́ tó gbá mi látẹ̀yìn ju ti ìkóríta yẹn lọ, méjì nínú wọn ni mo tiẹ̀ délé tí mo ṣí ìdérí àpótí. Ara mi ò balẹ̀, ìyá ìyàwó mi kò purọ́. Ẹsẹ̀ yìí ṣì ń yún mi lórí bíréèkì ní gbogbo ìkóríta, báírò sì wà lápò mi. Mi ò tíì gbẹ́sẹ̀.